Kí Ẹ Tó Gbé Pánẹ́ẹ̀lì Sólà Sórí Ọkọ̀ Yín

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú ẹgbẹ́ wa ní Leeds nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n wá.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, mo kí yín o. Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìjókòó. Nígbà tí alága wa pè mí pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ nípa iná sólà inú campervan, wọ́n ní ìdílé márùn-ún nínú ẹgbẹ́ yìí ló ti ra ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fẹ́ sọ di ọkọ̀ àsùn, tí wọ́n á máa fi kó àwọn ọmọ jáde nígbà ìsinmi. Inú mi dùn gan-an. Àmọ́ wọ́n tún sọ ohun kan tó já àyà mi: mẹ́ta nínú àwọn ìdílé náà ti ra pánẹ́ẹ̀lì. Wọn kò tíì ra bátìrì. Wọn kò tíì mọ irú fíríìjì tí wọn yóò lò. Ṣùgbọ́n pánẹ́ẹ̀lì ti fẹ̀yìn ti ògiri nínú gáréèjì.

Bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ni àyà mi ṣe já.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ iná, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Mọ́kọ́lá. Kí n tó wá sí ìlú yìí, mo ti gun òrùlé tó pọ̀ láti de pánẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn, mo sì ti so ínfátà mọ́ bátìrì nílé oríṣiríṣi èèyàn. Nítorí náà, nígbà tí mo ra ọkọ̀ akẹ́rù Transit àlòkù mi, mo gbà pé iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni. Mo gbé pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 350 sórí rẹ̀, mo ti bátìrì òjé kan, irú AGM, tó jẹ́ ámpù-wákàtì 110 sábẹ́ ibùsùn, mo ní ó parí. Ní Ìbàdàn, pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 350 á gbé fíríìjì kékeré, gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n láìmikàn.

Nínú oṣù Kejìlá ọdún náà, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì wa ọkọ̀ lọ sí Aviemore, ní òkè Scotland, torí pé àwọn ọmọ fẹ́ rí yìnyín. A dúró sójú kan, a ò wa ọkọ̀ mọ́. Ní òru kejì, ìdákẹ́jẹ́ ló jí mi. Ẹ̀rọ amúlégbóná tó ń lo epo díísù ti kú, n ò gbọ́ ìró fáànù rẹ̀ mọ́. Fíríìjì náà ti dákẹ́. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo mítà bátìrì, ó ń ka fóltì 11.3. Ọmọ wa kékeré ti ká jọ sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìmú rẹ̀ tutù bíi ti ajá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gun àkàbà, mo fi ìgbálẹ̀ gbá yìnyín kúrò lójú pánẹ́ẹ̀lì títí tó fi ń dán, mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó síwájú mítà. Nígbà tó di aago 12 ọ̀sán, tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, ohun tí pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 350 ń mú wá jẹ́ wáàtì 9. Wáàtì mẹ́sàn-án!

Kò sí ohun tó bàjẹ́. Pánẹ́ẹ̀lì dára, wáyà dára. Oòrùn ni kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, torí àwa tí a ti ilé wá ló máa ń ṣì lọ́nà jù. Ní Ìbàdàn, bí oòrùn ọ̀sán bá lọ sílẹ̀ dé ibi tó lè lọ sílẹ̀ dé láàárín ọdún, ó ṣì ga tó digíríì 59 lójú ọ̀run. Ní London, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, digíríì 15 ni. Ní Aviemore, digíríì 9 ni. Ẹ na ọwọ́ yín síwájú tààrà, kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́. Bí ẹ̀ṣẹ́ yẹn ṣe ga tó lójú yín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ digíríì 10. Gbogbo bí oòrùn ọ̀sán ṣe kúrò nílẹ̀ lọ́hùn-ún kò tó ẹ̀ṣẹ́ yín. Pánẹ́ẹ̀lì tí a tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ọkọ̀ wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń yọ̀ gba ojú rẹ̀ kọjá ni.

Àwa oníṣẹ́ sólà máa ń ka oòrùn ní wákàtì kíkún. Ìyẹn ni pé bí a bá kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan jọ, tí a wá tan án ní agbára rẹ̀ tó ga jù, wákàtì mélòó ni yóò tó? Ní Ìbàdàn, nǹkan bí 4 sí 5 ni, ìyàtọ̀ inú ọdún kò sì pọ̀ jù. Ní gúúsù England, nínú oṣù Kẹfà, nǹkan bíi 5 ni. Ẹ ò rí i pé nígbà ooru, ìlú yìí kò kẹ̀rẹ̀ sí ilé, torí ojúmọ́ a máa gùn ju wákàtì 16 lọ. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Kejìlá, fún pánẹ́ẹ̀lì tó sùn pẹrẹsẹ, ó fi díẹ̀ ju ààbọ̀ wákàtì lọ ni, bẹ́ẹ̀ bí a bá ṣe ń lọ sí àríwá ló ń dín kù sí i. Ẹ tún yọ nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 kúrò fún ooru, ìdọ̀tí àti ohun tí wáyà ń jẹ. Pánẹ́ẹ̀lì 350 yẹn yóò fún yín ní bíi wáàtì-wákàtì 1,200 lójúmọ́ nínú oṣù Kẹfà. Nínú oṣù Kejìlá, bíi 120. Ọkọ̀ kan náà, pánẹ́ẹ̀lì kan náà, ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Nítorí náà, ẹnu ni ká kọ́kọ́ wọ̀n. Kí ni ọkọ̀ yín yóò máa jẹ lójúmọ́? Gílóòbù wáàtì 3 tó tàn fún wákàtì 5 ti jẹ wáàtì-wákàtì 15. Gbogbo ìṣirò náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: wáàtì ní ìlọ́po wákàtì. Mo kọ ti tiwa sára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó ṣì wà níbẹ̀. Fíríìjì fóltì 12 tó ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń mú wáàtì 45 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n a máa sinmi, a máa tún dìde. Lójúmọ́, ó ń jẹ nǹkan bíi 400. Gílóòbù mẹ́rin, 60. Fóònù méjì, 30. Láptọ́ọ̀pù tí ìyàwó mi fi ń ṣiṣẹ́ fún wákàtì mẹ́ta, 180. Ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú síǹkì, 20. Bílẹ́ńdà wáàtì 500 tí a fi ń lọ ata fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, kò tó 35. Ẹ rò ó pọ̀, wáàtì-wákàtì 725 ni lójúmọ́.

Ẹ ò rí i pé bílẹ́ńdà tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ nǹkan kan? Ohun tó ń pariwo kọ́ ló ń jẹun. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ wúyẹ́wúyẹ́ lọ́sàn-án lóru ló ń jẹun. Bí ẹ bá bá fíríìjì àtijọ́ nínú ọkọ̀ tí ẹ rà, irú èyí tó ń lo gáàsì, tó tún ń lo fóltì 12, ẹ má jẹ́ kí ó fẹnu kan bátìrì yín nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Ó ń fa ju wáàtì 100 lọ, kì í sì í sinmi. Ẹ tàn án sórí gáàsì.

Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ bá mọ iye yẹn ni kí ẹ tó dé ọjà bátìrì. Bátìrì ni ìkòkò omi, pánẹ́ẹ̀lì ni òjò. Ẹni tí kò ní ìkòkò, kí òjò rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, òùngbẹ á gbẹ ẹ́ lóru.

Irú bátìrì méjì ni ẹ máa rí níwájú yín. Ti òjé, èyí tí AGM wà lára rẹ̀, àti ti lítíọ́mù irú LiFePO4. Ti òjé, ìdajì rẹ̀ péré lẹ lè lò bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín. Ámpù-wákàtì 200 rẹ̀ ní fóltì 12 jẹ́ wáàtì-wákàtì 2,400, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 1,200, ìyẹn kò tó oúnjẹ ọjọ́ méjì fún wa. Ìwúwo rẹ̀ yóò tó kìló 55. LiFePO4 ámpù-wákàtì 200 jẹ́ fóltì 12.8, ó ní 2,560 nínú, ẹ sì lè lo ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ìyẹn á gbé wa fún ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ bí oòrùn kò tilẹ̀ yọ rárá, ìwúwo rẹ̀ kò sì ju kìló 25 lọ. Ẹ má fojú kéré ìwúwo yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí, kìló 3,500 ni òfin ní kó má wúwo jù lọ, tòun ti ọkọ̀, omi, ibùsùn, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ, àti garawa ìrẹsì. Igi tí ẹ fi ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù nìkan á ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n jókòó sẹ́yìn béèrè pé, ṣé bátìrì olómi gíga tí a ń lò nílé kò dára ni. Ó dára, ẹ̀gbọ́n mi, fún ilé. Àyè wà láti gbé e síta, sábẹ́ òrùlé kékeré tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń gba iná, afẹ́fẹ́ háídírójìn ń jáde lára rẹ̀, ásíìdì rẹ̀ sì lè dànù bí ọkọ̀ bá ń fò lójú ọ̀nà gbágungbàgun. Ibi tí ọmọ yín ń sùn kọ́ ni ibùgbé rẹ̀.

LiFePO4 ní àléébù kan tí àwọn tó ń tà á kì í tètè sọ: bí òtútù bá mú un débi pé inú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ digíríì 0, kò gbọ́dọ̀ gba iná. Bí a bá fi ipá tì í sí i, á bàjẹ́, kò sì ní padà bọ̀ sípò. Bátìrì tó dára ní ẹ̀rọ aṣọ́nà nínú tó máa ti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ nígbà tí òtútù bá dé. Ẹ bi ọlọ́jà pé ṣé ó wà níbẹ̀, kí ẹ sì kà á nínú ìwé rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé bátìrì sínú yàrá ibi tí ooru ẹ̀yin náà ti máa kàn án, kì í ṣe sábẹ́ ọkọ̀. Abẹ́ ìjókòó ni tiwa wà báyìí.

Ó wá ku bí ìkòkò ṣe máa kún. Ní àsìkò òtútù, ọkọ̀ yín fúnra rẹ̀ lágbára ju òrùlé rẹ̀ lọ. Ẹ máa ra ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní DC-DC charger, tó ń fi iná ẹ́ńjìnnì kún bátìrì yín. Ọ́tánétọ̀ inú ọkọ̀ ìwòyí, ìyẹn ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná, gbọ́n: bí bátìrì ẹ́ńjìnnì bá ti kún, ó ń rẹ fóltì rẹ̀ sílẹ̀ láti fi epo pamọ́, nítorí náà wáyà lásán láti ẹ́ńjìnnì kò ní kún bátìrì yín dáadáa. DC-DC yìí ló ń gbé fóltì náà ga padà sí ibi tí bátìrì fẹ́ ẹ. Èyí tó jẹ́ ámpù 30 á fún yín ní nǹkan bíi wáàtì-wákàtì 390 ní wákàtì kan. Ẹ wa ọkọ̀ fún wákàtì méjì, ẹ ti rí 780: oúnjẹ ọjọ́ kan ó lé. Pánẹ́ẹ̀lì mi á ṣe ju ọjọ́ mẹ́fà lọ kó tó kó iye yẹn jọ nínú oṣù Kejìlá. Ká ní mo mọ̀ ni, owó DC-DC ni ǹ bá kọ́kọ́ ná, à bá sì sun oorun wa ní Aviemore. Fún ẹni tó bá máa ń dúró sí ọgbà ìpàgọ́ tí iná ìjọba wà, ṣájà kékeré tó ń gba fóltì 230 á ti kún bátìrì kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mo mọ̀ pé pánẹ́ẹ̀lì lẹ wá gbọ́. Ẹ tètè jẹ́ ká dé ibẹ̀.

Onígíláàsì líle ni kí ẹ rà bí òrùlé bá gbà á, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá, torí bí pánẹ́ẹ̀lì bá ṣe ń gbóná ni agbára rẹ̀ ń rẹlẹ̀. Àwọn tó rọ̀ bíi bébà, tí a ń lẹ̀ mọ́ òrùlé, fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru kò ní ibi tó máa gbà jáde lábẹ́ wọn, wọn kì í sì í pẹ́. Èmi kò ní fi owó mi rà á. Àwọn kan nínú yín béèrè nípa pánẹ́ẹ̀lì ńlá ti orí ilé, irú wáàtì 400 sókè. Bí òrùlé ọkọ̀ yín bá gùn tó sì fẹ̀ tó, ó dára, owó rẹ̀ sì sábà máa ń dín sí ti kékeré méjì. Ẹ wọn òrùlé ná. Ẹ rántí fáànù òrùlé: mo ti rí ọkọ̀ kan tí ibòji fáànù bọ́ sórí igun pánẹ́ẹ̀lì kan, ibòji tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ó sì pa púpọ̀ nínú agbára rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì, MPPT ni kí ẹ rà, kì í ṣe PWM. PWM ń fa fóltì pánẹ́ẹ̀lì wálẹ̀ sí ti bátìrì, ohun tó bá lé ṣègbé. Bí ẹ bá fi í sí ìdí pánẹ́ẹ̀lì orí ilé tó jẹ́ fóltì 37, ẹ ti sọ ju ìdajì ohun tí ẹ rà nù. MPPT ń pa fóltì tó lé dà sí ámpù. Nọ́ńbà méjì ni ẹ máa ń rí lára púpọ̀ nínú wọn, bíi 100/30. Ti àkọ́kọ́ ni fóltì tí pánẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ kọjá láé, ìkejì ni ámpù tí ẹ̀rọ lè tì sínú bátìrì. Pánẹ́ẹ̀lì 350 fẹ́ nǹkan bí ámpù 25, nítorí náà 30 dára, 15 kéré. Nípa ti fóltì, ẹ ṣọ́ra: bí òtútù bá ń pọ̀ ni fóltì pánẹ́ẹ̀lì ń ga sí i. Èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, fún digíríì 25 ni. Ní òwúrọ̀ tí ilẹ̀ dì, ó lè fi ìdá 10 nínú 100 lé e. Ẹni tó bá so pánẹ́ẹ̀lì ńlá méjì tẹ̀lé ara wọn mọ́ ẹ̀rọ fóltì 100 lè jí ní àárọ̀ ọjọ́ kan kó bá a pé ó ti jó.

Ínfátà wá. Wáàtì 1,000, irú pure sine tí iná rẹ̀ dà bíi ti ilé, tó fún bílẹ́ńdà àti láptọ́ọ̀pù. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ má tìtorí kẹ́tùlù ra èyí tó tóbi jù. Kẹ́tùlù ilé ti ìlú yìí ń mú wáàtì 3,000. Lórí fóltì 12, ìyẹn jẹ́ ámpù 250, ó ju èyí tí ẹ fẹ́ kó gba abẹ́ ibùsùn ọmọ kọjá lọ. Gáàsì ni kí ẹ fi se omi, òun náà ni kí ẹ fi ro àmàlà. Kí ẹ sì máa pa ínfátà bí ẹ bá ti lò ó tán. Tó bá jókòó lásán, tí kò gbé ohunkóhun, ó lè máa jẹ wáàtì 10. Láti àárọ̀ di àárọ̀, 240 ti lọ. Ẹ fi wé 725 tí mo kà lẹ́ẹ̀kan. Ó ti jẹ iye tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ ilé, kò sì lọ ata kankan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní etí yín lórí wáyà, torí èyí kọjá ọ̀rọ̀ owó. Ní ọdún kejì, à ń lọ ata fún ọbẹ̀ lẹ́bàá odò kan ní Wales. Mo gbóòórùn kan, bíi ti ṣẹ̀ẹ̀lì ìjàpá tó kan iná. Mo sún ibùsùn, mo fi ẹ̀yìn ìka kan orí wáyà níbi tó ti dé ínfátà, mo sì fà á padà kíá. Rọ́bà ara rẹ̀ ti pọ́n, ó ti ń rọ̀. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ni kò le tó: ìmìtìtì ọ̀nà ti tú u díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ mi ló ti mọ́ iṣẹ́ ilé, ilé kì í sì í rìn. Láti ìgbà náà, kí a tó rin ọ̀nà jíjìn kankan, mo máa ń fi sípánà kan gbogbo nọ́ọ̀tì, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ínfátà 1,000 lè fa ámpù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100. Wáyà tó nípọn tó 35 mm² ni mo lò, mo sì jẹ́ kó kúrú. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà, kó sì sún mọ́ ìdí bátìrì bí ó ṣe lè sún mọ́ ọn tó. Wáyà ni fíúsì ń ṣọ́, nítorí náà gbogbo wáyà tó bá wà láàárín bátìrì àti fíúsì, kò ní olùṣọ́. Ẹ má jẹ́ kó gùn. Ti fóltì 230, bí ẹ kò bá kọ́ṣẹ́ iná, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìwé ìlànà iná ilẹ̀ yìí, BS 7671, ní apá kan fún irú ọkọ̀ wọ̀nyí, apá 721 ni, oníṣẹ́ gidi á mọ̀ ọ́n.

Màmá wa kan béèrè pé kí ni kí àwọn tó ti ra pánẹ́ẹ̀lì wá ṣe. Kò sí ohun tó ṣègbé, ẹ̀yin mọ̀mọ́ mi. Kí wọ́n yí i padà, kí wọ́n ya fọ́tò ìwé kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ Voc sí, ìyẹn fóltì pánẹ́ẹ̀lì nígbà tí kò gbé ohunkóhun. Kí wọ́n lọ ṣe ìṣirò oúnjẹ ọkọ̀, kí wọ́n wá fi méjèèjì hàn mí.

Ọkọ̀ mi wà níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Mo ti ṣí ìjókòó sókè, bátìrì, fíúsì àti gbogbo wáyà wà ní gbangba. Mo wo mítà kí n tó wọlé: ìkùukùu ti là, wáàtì 64 ló ń kà. Ẹ mú kóòtù yín, ẹ jẹ́ ká jáde lọ wò ó kí oòrùn tó wọ̀, torí aago mẹ́ta ti lù.